Ìlú mẹ́wàá láàárín ọjọ́ méjìlá? Ẹ jẹ́ ká gé e sí mẹ́ta

Ìbéèrè: Èmi àti ìyàwó mi máa pé ọgbọ̀n ọdún tí a ti ṣe ìgbéyàwó ní ìparí oṣù kẹsàn-án. Abẹ́òkúta là ń gbé. A fẹ́ lo ọjọ́ méjìlá ní Ítálì. A ò bá ti ọjà lọ. Àwọn ìlú kéékèèké orí òkè la fẹ́ rí, ká jẹ oúnjẹ wọn, ká sì wo àwọn kàtídírà wọn, torí akọrin ni ìyàwó mi ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà. Mo ti kọ ìlú mẹ́wàá sílẹ̀: Róòmù, Orvieto, Assisi, Perugia, Cortona, Montepulciano, Pienza, Siena, San Gimignano àti Florence. A fẹ́ háyà mọ́tò. Orúnkún mi kan ń yọ mí lẹ́nu díẹ̀. Ṣé ètò yìí ṣeé ṣe, kí sì ni ká máa jẹ?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú oríire o. Ọgbọ̀n ọdún kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Olúwa á jẹ́ kẹ́ ẹ tún ṣe ọgbọ̀n mìíràn sí i.

Ètò yín ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n mi ò ní sọ pé kẹ́ ẹ ṣe é. Ẹni tó bá ní mọ́tò lè fẹsẹ̀ kan ìlú mẹ́wàá láàárín ọjọ́ méjìlá, kó sì ya fọ́tò níbi gbogbo. Àmọ́ orí títì ni ìdajì ọjọ́ yín máa parí sí, ìyókù á sì bá ẹrù dídì àti ẹrù títú lọ. Perugia ni mo fi ṣe ilé, iṣẹ́ mi sì ni láti máa ṣètò ìrìn-àjò fún àwọn èèyàn wa tó bá ń bọ̀ ní agbègbè yìí. Ọ̀rọ̀ tí mo máa ń bá wọn sọ náà ni mo fẹ́ bá yín sọ: ìlú tí ẹ kò bá sùn sí, ẹ kò tíì rí i.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀ ni àwọn bọ́ọ̀sì ńlá máa ń já èrò sílẹ̀ láti Róòmù àti Florence. Wọ́n á kún ojú pópó bámúbámú, wọ́n á tẹ̀ lé ẹni tó gbé àsíá kékeré sókè, wọ́n á ra nǹkan, wọ́n á sì ti kó ara wọn lọ kí oòrùn tó wọ̀. Ìgbà yẹn ni àwọn onílùú tó jáde. Ẹ ó rí bàbá àti ìyá arúgbó tó wọṣọ tó dáa, tí wọ́n di apá ara wọn mú, tí wọ́n ń rìn lọ rìn bọ̀ lójú títì kan ṣoṣo náà, tí wọ́n ń dúró kí gbogbo ẹni tí wọ́n bá pàdé. Passeggiata ni wọ́n ń pè é. Kò sí tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń tà fún un, ẹni tí bọ́ọ̀sì rẹ̀ ń dúró dè kò sì lè bá wọn ṣe é. Tọkọtaya tó ń ṣe ọgbọ̀n ọdún gan-an ni nǹkan yìí wà fún.

Nítorí náà, ìlú mẹ́ta ni kẹ́ ẹ máa sùn sí. Ẹ sun òru mẹ́ta ní Orvieto, mẹ́rin ní Siena, mẹ́rin ní Assisi, kẹ́ ẹ sì fi èyí tó gbẹ̀yìn sí Róòmù kí bàálù má baà fi yín sílẹ̀. Ẹ yọ Florence kúrò pátápátá. Ìlú ńlá ni, ó tó ìrìn-àjò fún ara rẹ̀, ẹ ó sì padà wá. San Gimignano náà, ẹ jẹ́ kó lọ. Ilé ìṣọ́ gogoro rẹ̀ lẹ́wà lóòótọ́. Mẹ́rìnlá ló ṣẹ́ kù nínú nǹkan bí 72 tí àwọn olówó ìgbàanì fi ń bá ara wọn díje, ṣùgbọ́n èrò tó máa ń wà níbẹ̀ ní ọ̀sán kì í jẹ́ kí èèyàn rí ọ̀nà gbà kọjá. Cortona, ẹ ó rí òkè rẹ̀ láti ojú fèrèsé ọkọ̀ ojú irin.

Ọ̀rọ̀ mọ́tò wá ńkọ́? Ẹ má háyà rẹ̀. Gbogbo àwọn ìlú wọ̀nyí ló ní àgbègbè tí àlejò kò gbọdọ̀ wa mọ́tò wọ̀. ZTL ni wọ́n ń kọ sára pátákó rẹ̀, ìyẹn àmì róbótó funfun tí etí rẹ̀ pupa. Kò sí ọlọ́pàá níbẹ̀, kò sí géètì. Kámẹ́rà ló ń ya nọ́ńbà mọ́tò, iléeṣẹ́ tó háyà mọ́tò fún yín á sì fún àwọn aláṣẹ ìlú ní orúkọ àti àdírẹ́sì yín. Ó lè ju oṣù mélòó kan lọ, tí ẹ ti gbàgbé, kí ìwé owó ìtanràn tó dé. Bí ẹ bá sì ṣìnà wọ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta nígbà tí ẹ ń wá òtẹ́ẹ̀lì, ìtanràn mẹ́ta nìyẹn.

Ọkọ̀ ojú irin á gbé yín dé gbogbo ibi tí mo dárúkọ, ọ̀nà rẹ̀ sì yípo padà sí ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Láti Róòmù sí Orvieto kò ju wákàtí kan àti díẹ̀ lọ. Láti Orvieto, ẹ wọ èyí tó ń lọ sí Chiusi, kẹ́ ẹ sọ̀ níbẹ̀, kẹ́ ẹ wọ òmíràn lọ sí Siena. Bí ẹ bá ń ti Siena lọ sí Assisi, Chiusi náà ni ẹ ó tún gbà, lẹ́yìn náà Terontola, níbi tí ọ̀nà ti yà sí Perugia àti Assisi. Láti Assisi, ẹ gba Foligno padà sí Róòmù. Bí tíkẹ́ẹ̀tì yín bá jẹ́ oníwèé, ẹ tì í bọ inú ẹ̀rọ kékeré tó wà ní ibùdókọ̀ kó lù ú lóǹtẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọlé. Ẹni tí wọ́n bá bá tíkẹ́ẹ̀tì aláìlóǹtẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ á sanwó, kódà bó ṣe owó gidi ló fi rà á.

Orúnkún yín ni ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù, àmọ́ àwọn ará ibí ti ro tiwọn náà. Orí òkè làwọn arúgbó wọn ń gbé. Ní Orvieto, bí ẹ bá jáde ní ibùdókọ̀ ojú irin ní ìsàlẹ̀, ọkọ̀ kékeré kan tí okùn irin ń fà gòkè wà ní iwájú yín gan-an. Ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ ti dé orí àpáta, bọ́ọ̀sì kékeré á sì gbé yín dé ẹnu ọ̀nà kàtídírà. Ní Siena, ẹ kọjá sí ilé ìtajà tó kọjú sí ibùdókọ̀. Àtẹ̀gùn tó ń rìn fúnra rẹ̀ wà nínú rẹ̀, ọ̀kan lé òmíràn, títí á fi gbé yín dé òkè lẹ́bàá ẹnubodè ìlú. Perugia ní irú rẹ̀, mo sì ń bọ̀ wá sórí ìyẹn. Ibi tí wàhálà ti máa ń ṣẹlẹ̀ ni inú ilé tí ẹ ó sùn. Ilé ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan ni púpọ̀ nínú wọn, yàrá tó rẹwà jù lọ nínú fọ́tò sì lè wà ní àjà kẹta. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ bi wọ́n: “C’è l’ascensore?” Ṣé ẹ̀rọ agbéniròkè wà? Bí wọ́n bá ní kò sí, ẹ wá ibòmíràn, ṣùgbọ́n kó wà nínú odi ìlú. Ẹ má torí owó díẹ̀ lọ sùn sí ìsàlẹ̀ òkè.

Ó yá, ká wọ Orvieto.

Àpáta tí òkè ayọnáyèéfín tu síta nígbà láéláé ni ìlú náà jókòó lé, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì dúró ṣánṣán. Tufo lorúkọ àpáta yẹn. Ó rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn èèyàn fi gbẹ́ ihò tó lé ní ẹgbẹ̀rún sí abẹ́ ilé wọn: ibi ìkọ́tí wáìnì sí, ibi ìfúntí òróró, àti ihò kéékèèké lára ògiri tí wọ́n fi ń sin ẹyẹlé. Títí di òní, ẹyẹlé ni oúnjẹ tí Orvieto fi ń ṣe àlejò. Wọ́n ń yan án, wọ́n sì ń fi ọbẹ̀ rẹ̀ bomi rin ín lórí iná.

Kàtídírà rẹ̀, ọdún 1290 ni Póòpù Nicholas IV fi òkúta ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀. Ìtàn tó bí ọlá rẹ̀ ṣáájú ìyẹn. Ní 1263, wọ́n ní àlùfáà kan tó ń ṣiyèméjì nípa àkàrà mímọ́ ń ṣe ìsìn ní Bolsena, nítòsí ibẹ̀, ni ẹ̀jẹ̀ bá kán láti ara àkàrà náà sórí aṣọ pẹpẹ. Orvieto ni Póòpù Urban IV wà nígbà náà, wọ́n sì gbé aṣọ náà wá bá a. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e ló pàṣẹ pé kí gbogbo ìjọ máa ṣe àjọ̀dún Ara Kristi, Thomas Aquinas, onímọ̀ ẹ̀sìn ńlá, la sì gbọ́ pé ó ní kó kọ àwọn orin ìsìn rẹ̀. Ẹ sọ ìyẹn fún akọrin ilé yín kẹ́ ẹ tó wọlé. Aṣọ pẹpẹ náà ṣì wà nínú yàrá àdúrà tó wà lápá òsì.

Ẹ má kánjú wọlé o. Ìwọ̀ oòrùn ni iwájú ṣọ́ọ̀ṣì yìí kọjú sí. Láti nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, nígbà tí bọ́ọ̀sì ti lọ, oòrùn á bọ́ sára àwọn àwòrán tí wọ́n fi wẹ́wẹ́ gíláàsì aláwọ̀ wúrà tò, gbogbo rẹ̀ á sì máa kọ mànà. Àwọn ilé oúnjẹ kéékèèké wà ní ìdojúkọ rẹ̀. Ẹ jókòó, kẹ́ ẹ gba ife wáìnì funfun ti ìlú náà kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ti sinmi tán, ẹ sún mọ́ àwọn òpó mẹ́rin ìsàlẹ̀, níbi tí wọ́n ti gbẹ́ Bíbélì sára òkúta mábù láti Jẹ́nẹ́sísì dé Ọjọ́ Ìdájọ́. Lára òpó àkọ́kọ́ lápá òsì, Ádámù sùn lọ gbári, Ọlọ́run bẹ̀rẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ ìhà rẹ̀. Lára èyí tó gbẹ̀yìn lápá ọ̀tún, ẹ wo ìsàlẹ̀ pátápátá: àwọn tí a dá lẹ́bi ń ké, àwọn ẹ̀mí èṣù ń wọ́ wọn. Wọ́n gbẹ́ ẹnu wọn tó yà débi pé ẹ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ ohùn.

Nínú lọ́hùn-ún, lápá ọ̀tún, ni yàrá àdúrà San Brizio wà. Luca Signorelli ló kun ún láàárín 1499 sí 1504. Ẹ wá ibi tí Asòdì-sí-Kristi ti ń wàásù. Ó fi ojú jọ Jésù, irun rẹ̀, aṣọ rẹ̀, gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n Èṣù dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ sí i létí, ó sì máa pẹ́ díẹ̀ kẹ́ ẹ tó mọ ẹni tó ni ọwọ́ tó yọ lábẹ́ aṣọ náà. Ní igun òsì, ọkùnrin tó wọ aṣọ dúdú tó ń wo yín, ayàwòrán náà fúnra rẹ̀ ni. Lára ògiri mìíràn, òkú ń jí dìde: eegun lásán ń fi ọwọ́ ti ilẹ̀ kó lè yọ ara rẹ̀ jáde, àwọn tó ti yọ ti ń gbé ẹran ara wọ̀. Nínú gbogbo Ítálì, mi ò mọ yàrá mìíràn tí mo lè ní kí oníwàásù lọ jókòó sí fún wákàtí kan.

Ìtàn kan tún wà ní Orvieto tó kan ẹ̀yin ọmọ Áńgílíkà gan-an. Ní 1527, àwọn ọmọ ogun Ọba Ńlá Charles V kó Róòmù. Póòpù Clement VII sá jáde, Orvieto ló sá sí. Ibẹ̀ ló wà ní 1528 tí àwọn ìránṣẹ́ Ọba Henry VIII ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi wá bá a pé ọba fẹ́ kó tú ìgbéyàwó òun àti Catherine ká. Clement ń fòní dónìí, ó ń fọ̀la dọ́la, kò sì gbà á fún un títí, Henry sì yọ ìjọ ilẹ̀ rẹ̀ kúrò lábẹ́ Póòpù ní 1534. Ìlú tí ọba ti ránṣẹ́ wá kọ ìyàwó ni ẹ̀yin fẹ́ lọ ṣe ọgbọ̀n ọdún sí. Ẹ rọra fi pa ìyàwó yín lẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rù ogun ló mú kí Póòpù yẹn ní kí wọ́n gbẹ́ kànga tí ìlú á máa mu bí ọ̀tá bá yí i ká. Antonio da Sangallo Kékeré ló yà á: kànga tó jìn ju mítà 50 lọ, àtẹ̀gùn méjì lọ́ yí i ká, ọ̀kan fún lílọ sísàlẹ̀, èkejì fún gígòkè, wọn kò sì pàdé níbì kankan. Ìbaaka tó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ pọnmi kì í bá èyí tó ń gbé omi bọ̀ fara kanra. Àtẹ̀gùn 248 ni o, ẹ̀gbọ́n. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ torí ẹsẹ̀ ẹran ni wọ́n ṣe é fún, ṣùgbọ́n bí ẹ bá sọ̀, ẹ ó gòkè. Kí ìyàwó yín lọ wò ó wá.

Ní Siena, kàtídírà náà ní ilà funfun àti dúdú láti òde dé inú, ojú ilẹ̀ rẹ̀ ni kẹ́ ẹ sì wò jù lọ. Àwòrán òkúta mábù 56 ló wà nílẹ̀, ogójì ayàwòrán tàbí jù bẹ́ẹ̀ ló lọ́wọ́ sí i. Apá tó pọ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n máa ń bò jálẹ̀ ọdún kí bàtà má baà jẹ ẹ́, àmọ́ láti àárín oṣù kẹjọ títí dé inú oṣù kẹwàá ni wọ́n sábà máa ń ṣí i. Oṣù kẹsàn-án yín bọ́ sí i wẹ́kú. Ẹ yẹ déètì rẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ìpakúpa àwọn ọmọdé Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, tí Matteo di Giovanni yà ní 1481, ni kẹ́ ẹ wá: àwọn ìyá di ọmọ mọ́ àyà, àwọn ọmọ ogun fa ọmọ lẹ́sẹ̀, ojú fèrèsé lókè sì kún fún àwọn ọmọdé tó ń yọjú wòran.

Bí ẹ bá jáde, ẹ ó rí ògiri ńlá kan tó dá dúró láìní òrùlé. Ní 1339, Siena lówó, wọ́n ní àwọn á kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tí èyí tó wà nílẹ̀ á kàn di apá kan nínú rẹ̀. Àjàkálẹ̀ àrùn 1348 dé, ó kó àwọn kọ́lékọ́lé àti àwọn olówó wọn lọ. Wọn kò parí rẹ̀ mọ́. Ẹ má gun òkè rẹ̀, àtẹ̀gùn rẹ̀ tóóró.

Nínú ilé ìjọba tó wà ní pápá Campo, Ambrogio Lorenzetti kun ògiri yàrá ìpàdé àwọn mẹ́sàn-án tó ń ṣàkóso ìlú ní 1338 sí 1339. Lápá kan, ìjọba rere: àwọn ọ̀dọ́bìnrin ń jó, aránbàtà ń rán bàtà, olùkọ́ ń kọ́ ọmọ, àwọn bíríkìlà wà lórí òrùlé. Lápá kejì, olórí tó ní ìwo jókòó, wọ́n sì ti de Ìdájọ́ Òdodo mọ́lẹ̀ síwájú rẹ̀. Ẹni tó bá ti Nàìjíríà wá kò nílò ẹni tó máa ṣàlàyé apá kejì yẹn fún un. Ẹ wo ọ̀nà tó wọ̀lú lápá rere: àgbẹ̀ kan ń da ẹlẹ́dẹ̀ dúdú kan bọ̀, ẹlẹ́dẹ̀ náà ní àwọ̀ funfun tó yí i ní àyà bí ìgbànú. Cinta senese ni, irú rẹ̀ ṣì wà lóko Siena lónìí, ẹ ó sì bá a nínú àwo yín ní alẹ́.

Ọjọ́ kan nínú mẹ́rin ti Siena, ẹ gba mọ́tò tòun ti dírẹ́bà lọ sí Pienza àti Montepulciano. Ọjọ́ yìí nìkan ni mo fọwọ́ sí kẹ́ ẹ náwó mọ́tò, torí bọ́ọ̀sì ibẹ̀ kò pọ̀. Pienza ni wọ́n ti bí Póòpù Pius II, ó ní kí Bernardo Rossellino tún abúlé náà kọ́ láàárín 1459 sí 1462, ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ sọ ọ́. Ó tẹ́jú, orúnkún yín á gbádùn rẹ̀. Wàràkàṣì àgùntàn tí wọ́n ń pè ní pecorino kún gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Ẹ ní kí wọ́n gé èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dì àti èyí tó ti gbó fún yín, kẹ́ ẹ fi oyin jẹ wọ́n. Montepulciano ga fíofío. Ìsàlẹ̀ òkè rẹ̀, ní ṣọ́ọ̀ṣì San Biagio, ni kẹ́ ẹ dúró sí.

Ẹ wá bi mí ní ọ̀rọ̀ oúnjẹ, mo sì mọ̀ pé ata ló wà lọ́kàn yín. Kò sí ata nínú oúnjẹ agbègbè yìí tó bẹ́ẹ̀. Ẹ béèrè peperoncino, wọ́n á gbé e wá láìbínú. Èyí tó máa yà yín lẹ́nu ju àìsí ata lọ ni búrẹ́dì wọn: kò ní iyọ̀ rárá. Àwọn ará Perugia á sọ fún yín pé ní 1540, nígbà tí Póòpù Paul III gbé owó orí lé iyọ̀, àwọn baba àwọn ṣọ̀tẹ̀, wọ́n sì kọ iyọ̀ sílẹ̀ nínú búrẹ́dì. Ọ̀tẹ̀ náà ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, Póòpù sì ṣẹ́gun wọn. Ṣùgbọ́n búrẹ́dì Siena náà kò ní iyọ̀, Póòpù yẹn kò sì jọba lé Siena lórí, nítorí náà mo máa ń gbọ́ ìtàn yẹn, mo máa ń rẹ́rìn-ín. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé ẹran àti wàràkàṣì wọn níyọ̀ gan-an. Ẹ fi búrẹ́dì náà jẹ wọ́n, ọ̀rọ̀ á yé yín.

Ẹ ṣọ́ra fún bistecca alla fiorentina. Ẹran màlúù ńlá ni, eegun wà láàárín rẹ̀, wọ́n sì ń gbé e wá ní pípọ́n, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Bí ẹ bá ní kí wọ́n sè é jinná, ọ̀pọ̀ alásè máa kọ̀. Iye tó wà nínú ìwé oúnjẹ sì tún lè jẹ́ ti gíráàmù ọgọ́rùn-ún péré, etto ni wọ́n ń kọ síbẹ̀; tọkọtaya kan tí mo mọ̀ rò pé iye gbogbo ẹran ni, ìgbà tí ìwé owó dé ni ojú wọn là. Ẹni tó bá fẹ́ ẹran tó jinná dáadáa, kó béèrè cinghiale in umido, ìyẹn ìmàdò tí wọ́n fi wáìnì àti ewé sè fún wákàtí púpọ̀. Ẹ jẹ pici ní Siena, pasta nínípọn tí wọ́n fi ọwọ́ yí lọ́kọ̀ọ̀kan; èyí tí wọ́n fi áàyù àti tòmátì sè ni mo fẹ́ràn jù. Ní Umbria, ìyẹn agbègbè tí Orvieto, Perugia àti Assisi wà, ẹ wá èyí tí wọ́n họ tartufo lé lórí, olú tó ń hù lábẹ́ ilẹ̀ tí ajá ń gbóòórùn rẹ̀ wá. Ẹ sì wá porchetta: odindi ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n yọ eegun rẹ̀, tí wọ́n fi áàyù àti àwọn ewé olóòórùn kún inú rẹ̀, tí wọ́n wá yan títí awọ rẹ̀ fi ń dún kẹ́kẹ́. Nínú ọkọ̀ kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ni wọ́n ti ń gé e sínú búrẹ́dì, ó sì dùn ju ti ilé oúnjẹ ńlá lọ.

Aago ni kẹ́ ẹ bọ̀wọ̀ fún. Ní nǹkan bí aago méjì ààbọ̀ ọ̀sán, ilé ìdáná máa ń tì, kò sì ní ṣí títí di aago méje ààbọ̀ alẹ́. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì kéékèèké náà máa ń tì lọ́sàn-án. Ẹ padà sí yàrá, kẹ́ ẹ sùn. Oríṣi oúnjẹ mẹ́rin ló máa ń wà nínú ìwé oúnjẹ, ẹnikẹ́ni kò sọ pé dandan ni kẹ́ ẹ pa gbogbo rẹ̀ pọ̀. Owó kékeré tí wọ́n kọ coperto sí kì í ṣe jìbìtì. Owó ìjókòó àti búrẹ́dì ni.

Assisi ni mo fi sí ìparí torí ibẹ̀ ni ara ti máa ń rọlẹ̀. Francis, ọmọ ìlú yìí tó fi ọrọ̀ sílẹ̀ láti sin Ọlọ́run, kú ní 1226, Póòpù Gregory IX kéde rẹ̀ ní ẹni mímọ́ ní 1228, ọdún yẹn náà ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì méjì ni, ọ̀kan gun orí èkejì. Tòkè mọ́lẹ̀ rokoṣo, àwòrán 28 nípa ayé Francis sì yí ògiri rẹ̀ ká. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn bóyá Giotto, gbajúmọ̀ ayàwòrán ìgbà náà, ló kun wọ́n. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án ọdún 1997, ìmìtìtì ilẹ̀ wó apá kan àjà rẹ̀ lulẹ̀, ó pa èèyàn mẹ́rin níbẹ̀, wọ́n sì fi sùúrù ṣa wẹ́wẹ́ àwòrán tó fọ́ nílẹ̀ tún tò. Tìsàlẹ̀ ṣókùnkùn, àjà rẹ̀ kò ga. Lábẹ́ ìyẹn ni sàréè Francis wà, èyí tí wọn kò tún rí títí di 1818. Ẹ má ya fọ́tò nínú rẹ̀, ẹ má sọ̀rọ̀ sókè. Kí aṣọ bo èjìká àti orúnkún, níbí àti ní gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì tí mo dárúkọ. Bí ẹ bá dé nígbà tí ìsìn ń lọ, wọn kò ní jẹ́ kẹ́ ẹ máa rìn káàkiri wòran, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ jókòó sin Ọlọ́run, ìjókòó wà fún un. Kí ìyàwó yín jókòó, kó gbọ́ orin wọn.

Ọjọ́ kan, ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Spello, ìlú tó tẹ̀ lé e. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì Santa Maria Maggiore níbẹ̀, Pinturicchio kun yàrá àdúrà kan ní 1501, ó sì fi àwòrán ojú ara rẹ̀ kọ́ sára ògiri yàrá Màríà, bí ẹni pé wọ́n ti yà á tipẹ́ níbẹ̀. Ọjọ́ kejì, ẹ wá sí Perugia. Ẹ gba àtẹ̀gùn arìnfúnra-rẹ̀ tó la inú Rocca Paolina kọjá. Ilé olódi tí Póòpù Paul III kọ́ lé ilé àwọn tó ṣọ̀tẹ̀ iyọ̀ lórí ni, Sangallo tó ya kànga Orvieto náà ló sì ya òun náà. Òpópónà àtijọ́ wọn, tòun ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé, ṣì wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ níbẹ̀, ẹ ó gba àárín rẹ̀ kọjá lórí àtẹ̀gùn iná mànàmáná.

Ẹ kúrò ní Assisi kí ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá tó pé. Ọjọ́ 3 àti 4 ni àjọ̀dún Francis, èrò á kún, iye yàrá á sì ròkè.

Ọ̀rọ̀ ìwé ìrìnnà ló kù. Físà Schengen, èyí tí ẹ ó fi wọ Ítálì, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ọjọ́ ìrìn-àjò. Ní tiyín, ìparí oṣù kẹta nìyẹn, ẹ má sì jẹ́ kó kọjá oṣù karùn-ún kẹ́ ẹ tó fi ìwé sílẹ̀. Yúrò 90 ni owó rẹ̀ fún àgbàlagbà, yàtọ̀ sí owó iléeṣẹ́ tó ń gba fọ́ọ̀mù. Wọ́n á béèrè ìwé ìṣọ́ránsì ìlera tó tó yúrò 30,000 ó kéré tán, àti ẹ̀rí ibi tí ẹ ó sùn lálẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ yan àwọn yàrá tí ẹ lè fagi lé láìsan ìtanràn, kí owó yín má baà bá físà tí kò jáde lọ. Ata gígún, ẹ lè gbé e dání. Kílíṣí àti ẹran gbígbẹ, ẹ fi sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta: òfin Yúróòpù kò gba ẹran àti wàrà wọlé lọ́wọ́ àlejò, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ yín ní pápákọ̀ òfuurufú.